Ta Ni Ẹ̀rín Náà Ń Bá Wí? Ẹ̀fẹ̀ Ìṣèlú Lára Ère Yorùbá àti Bí Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé Ṣe Ń Pàtẹ Rẹ̀

Ìfáárà

Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láti fi ọrọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àkóso wọn han aráyé. Lára ohun tí wọ́n kó wá láti Nàìjíríà ni ilẹ̀kùn onígi aláwẹ́ méjì kan tó ti ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì wá. Lára ilẹ̀kùn yìí ni a ti rí ọba tó jókòó sórí ìtẹ́ tòun ti adé rẹ̀, tí a sì tún rí òyìnbó amúnisìn kan tí wọ́n gbé wá síwájú ọba náà. Àwọn tó wo ilẹ̀kùn yìí ní Wembley yin ọnà ara rẹ̀ púpọ̀. British Museum, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé tó tóbi jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fẹ́ fi owó rà á. Ògògà kò tà á. Ohun tó gbà ni pé kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn náà ṣe di ti ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn.

Ìtàn yìí kì í ṣe tuntun sí àwọn tó ń kọ́ nípa iṣẹ́-ọnà. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni bóyá àwọn tó dúró níwájú ilẹ̀kùn náà ní Wembley, tí wọ́n ń mi orí sí ọgbọ́n agbẹ́gilére, mọ̀ pé ara àwọn gan-an ni àwọn ń wò, àti pé ó ṣeé ṣe kí igi náà máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbá àpilẹ̀kọ yìí ni pé ní ti ère Yorùbá tó jẹ mọ́ àwọn amúnisìn, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ti ṣi ẹ̀rín gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ó yin ọnà níbi tí ẹ̀fẹ̀ wà, ó sì gbọ́ ẹ̀fẹ̀ níbi tí agbẹ́gilére ti sọ pé òun kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ àti ti Thomas Ona Odulate ni a ó fi ṣe àyẹ̀wò àbá yìí. A ó sì fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ Akinọla Laṣekan inú ìwé ìròyìn wé wọn, nítorí pé tirẹ̀ kò fara sin rárá.

Ohun Tí Ẹ̀fẹ̀ Nílò

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwòrán ẹ̀fẹ̀ ìṣèlú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni ni orí tó tóbi jù, imú tó gùn jù, tàbí ikùn tó yọ síta. Àwọn wọ̀nyí kò tó láti sọ àwòrán di ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ nílò ènìyàn mẹ́ta: ẹni tó ń ṣe é, ẹni tí a fi ń ṣe é, àti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹni kẹta kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí kò mọ ẹni tí a ń bá wí, ohun tó kù kò ju igi tàbí yíǹkì lásán lọ.

Àwọn Kétu mọ èyí dájú. Ní òru ẹ̀fẹ̀, èyí tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán, ẹni tó gbé ẹ̀fẹ̀ lè fi orin bá ìjòyè, olówó tàbí aṣebi wí lójú gbogbo ìlú, kí ẹnikẹ́ni má sì lè mú un. Ère orí rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹranko, ti aláṣọ tuntun, tàbí ti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n orin ló ń sọ ẹni tí ère náà ń bá wí, àwùjọ tó mọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ló sì ń fi ẹ̀rín parí rẹ̀. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àjogúnbá aráyé ní ọdún 2001. Síbẹ̀, bí a bá gbé ère rẹ̀ sínú dígí, tí kò sí orin, tí kò sí òru, ta ni yóò mọ aláṣejù tí ère náà dá lójú tì lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ ẹ?

Àwọn egúngún alárìnjó náà ní òyìnbó nínú eré wọn. Imú rẹ̀ a gùn ṣóńṣó, ara rẹ̀ a le gbagidi bí igi, a sì máa na ọwọ́ sí gbogbo ènìyàn láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Èyí fi hàn pé kí ìwé ìròyìn alágbèékà tó ní àwòrán ẹ̀fẹ̀ nílẹ̀ wa, Yorùbá ti ní ojú tí wọ́n fi ń wo aláṣẹ àjèjì, ojú náà kì í sì í ṣe ti ìbẹ̀rù nìkan.

Ilẹ̀kùn Ògògà

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀, ìlú tó lókìkí fún iṣẹ́ ọnà, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ìsẹ̀-Èkìtì. Lábẹ́ Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló ti ṣiṣẹ́, òun tí ó tún jẹ́ ìránṣẹ́ ààfin. Ó yẹ kí a fi iṣẹ́ ìránṣẹ́ yìí sọ́kàn, nítorí pé ìránṣẹ́ ọba ni ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba àlejò jù lọ: ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀, ẹni tó yẹ kó dúró sẹ́yìn òde, àti iye àkókò tí a lè fi mú un dúró. Ní 1938 ni Ọlọ́wẹ̀ kú. Ní ìgbà tó gbẹ́ iṣẹ́ fún Ògògà, láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, òkìkí rẹ̀ ti kọjá Ìsẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀kùn náà ń sọ ni ìbẹ̀wò Captain Ambrose, òyìnbó amúnisìn tó ń rìn káàkiri ilẹ̀ náà nígbà tí sẹ́ńtúrì 19 ń parí lọ. Ní awẹ́ òsì ni Ògògà wà. Ó jókòó, adé wà lórí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní awẹ́ ọ̀tún, ọkùnrin méjì gbé òyìnbó náà sínú àga ìgbéni. Ó ká eékún jọ nínú rẹ̀. Àwọn aláàárù tó ru ẹrù sórí náà wà lára awẹ́ yìí. Gbogbo àwọn ère yìí yọ jáde lára pákó gan-an, débi pé orí àwọn kan yí kúrò lára ilẹ̀kùn, bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n pè é láti ẹ̀yìn.

Níbo ni ẹ̀fẹ̀ wà nínú èyí? Àwọn kan á ní pé òyìnbó náà kéré sí ọba, nítorí náà ọba ni wọ́n gbé ga. Ẹ̀rí yìí kò lágbára tó. Ọlọ́wẹ̀ kan náà ló gbẹ́ òpó tí a mọ̀ sí Òpó Ògògà, èyí tó wà ní Art Institute of Chicago báyìí. Lára òpó yẹn, ìyàwó tó dúró lẹ́yìn ọba ga ju ọba lọ fíìfíì, ẹsẹ̀ ọba kò tilẹ̀ kan ilẹ̀. Bí a bá ní kíkéré ni yẹ̀yẹ́, a jẹ́ pé Ọlọ́wẹ̀ fi Ògògà ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ààfin Ògògà, kò sì sí ẹni tí yóò gba èyí gbọ́. Nínú ère Yorùbá, bí nǹkan ṣe tóbi tó kì í sábà tẹ̀lé ohun tí ojú rí. Ìyàwó tó dúró lẹ́yìn ọba ga nítorí pé agbára àwọn obìnrin ló gbé ọba ró.

Ẹ̀rí tó lágbára wà nínú ìdúró àti ìjókòó. Ọba kò kúrò lójú kan. Àlejò ló ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ àṣà ààfin yóò ti mọ ẹni tó ni ilé nínú àwòrán yìí láìbéèrè. Ẹ̀wẹ̀, àlejò náà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Lóòótọ́, gbígbé ẹni lè jẹ́ iyì. Òyìnbó náà fúnra rẹ̀ yóò kà á sí iyì. Ṣùgbọ́n ní ojú ará Èkìtì tó ń fi ẹsẹ̀ gun òkè rọ́rọ́ lójoojúmọ́, ta ni wọ́n máa ń gbé? Ọmọ tuntun ni, tàbí aláìsàn, tàbí òkú. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tó ká eékún jọ sínú àga bí ìkókó, tó wá ní òun wá ṣe aláṣẹ: ẹ̀fẹ̀ náà nìyẹn. Ọlọ́wẹ̀ kò fi imú tàbí ikùn rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló gbẹ́, ó kàn gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí yóò mú un rí bí ó ṣe rí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí; bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Àwọn kan lè ní pé ìtumọ̀ yìí ti jù. Wọ́n lè ní ọba kan tó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òyìnbó wá kí òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, àti pé ìwúrí lásán ló wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwúrí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìlànà akígbe àti onírárà ní ààfin yóò mọ̀ pé ẹnu kan náà tó ń ki ọba ló ń fi ọ̀rọ̀ gún ẹlòmíràn lábẹ́ra. Ìyìn àti ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn nínú lítíréṣọ̀ ohùn Yorùbá, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi jẹ́ ọ̀tá lára igi.

Ibi tí ilẹ̀kùn náà wà ló tún wá jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kún. Fún bí ọdún mẹ́wàá, láàárín ìgbà tí Ọlọ́wẹ̀ parí rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí Wembley, ilẹ̀kùn ààfin ló jẹ́. Àwọn ìjòyè àti ìránṣẹ́ tó mọ ìtàn náà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ tó bá wá ṣe ìbẹ̀wò sí ààfin yóò bá ajẹ́lẹ̀ mìíràn nínú àga ìgbéni lára igi, ní ojú àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹni mẹ́ta tí ẹ̀fẹ̀ nílò pé níbẹ̀. Ní Wembley, ẹni kẹta kò sí. Ẹni tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nìkan ló kù pẹ̀lú ìyanu rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn pàṣípààrọ̀ yìí bí ẹni pé Ògògà fi ọgbọ́n jẹ òyìnbó. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn rọ́pò rẹ̀, ìtẹ́ tuntun náà sì dé, wọ́n ní kí ni ọba pàdánù? Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1924, lábẹ́ ìjọba amúnisìn, kíkọ̀ pé a kò ní ta nǹkan àti kíkọ̀ pé a kò ní fi í sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Kíkọ̀ àkọ́kọ́ ni Ògògà lè kọ̀.

Àwọn Ère Thomas Ona Odulate

Ìjẹ̀bú-Òde ni Odulate ti wá, Èkó ló sì ti ta ọjà rẹ̀. Kì í ṣe agbẹ́gilére ààfin. Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí, tí wọ́n sì fẹ́ gbé nǹkan ìrántí lọ sílé, ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ère rẹ̀ kì í tóbi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ga ju kí a gbé wọn sórí tábìlì lọ. Ó máa ń fi àwọ̀ igi funfun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á wá fi dúdú, pupa àti funfun kun ibi tó bá wù ú. Ajẹ́lẹ̀ wà nínú wọn tòun ti akẹtẹ̀ líle rẹ̀. Lọ́yà wà níbẹ̀, àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run, àti Ọbabìnrin Victoria. Orí wọn tóbi, ẹsẹ̀ wọn kúrú, ojú wọn ràn kalẹ̀.

Kí ni ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn olówó tó ń kó iṣẹ́-ọnà jọ pe àwọn ère yìí? Wọ́n pè wọ́n ní yẹ̀yẹ́. Ìwé kan tó mú kí irú ìtumọ̀ yìí gbilẹ̀ ni ti Julius Lips, ará Jámánì tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Rautenstrauch-Joest Museum ní ìlú Cologne kí ìjọba Hitler tó lé e kúrò nílùú. The Savage Hits Back ni àkọlé ìwé náà, ọdún 1937 ló jáde. Ó kó àwòrán òyìnbó tí àwọn ènìyàn Áfíríkà àti ibòmíràn ṣe jọ, ó sì kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀san tí ẹni tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń gbà. Ní ọdún 2018, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà ní Cologne tún pàtẹ nípa ìwé yìí, láti yẹ ìbéèrè Lips wò lákọ̀tun. Ìwé Lips jẹ́ ìwé onígboyà ní àkókò tó jáde, ẹni tó sì kọ ọ́ jìyà. Síbẹ̀, àbùkù kan wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: ó sọ òyìnbó di ìdí tí agbẹ́gilére fi mú ọ̀bẹ. Bí òyìnbó kò bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń yìn, àfi kó jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bú.

William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó mọ ilẹ̀ Yorùbá dáadáa, ló lọ bi Odulate fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1957 ló kọ àpilẹ̀kọ kan tí àkọlé rẹ̀ bèèrè bóyá ẹ̀fẹ̀ ni àwọn ère yìí tàbí àrà ọwọ́ lásán. Ohun tó gbọ́ ni pé Odulate kò gbèrò láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó ṣe rí wọn ló ṣe gbẹ́ wọn. Bascom sì tọ́ka sí i pé orí ńlá tí òyìnbó ń rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gàn kò yàtọ̀ sí orí ère Yorùbá mìíràn. Ó ṣe tán, orí ni ibùgbé àyànmọ́. Agbẹ́gilére wo ni yóò wá gbẹ́ ẹ kékeré?

Ṣé kí a wá gba ọ̀rọ̀ Odulate bí ó ṣe sọ ọ́? A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí. Ọlọ́jà ni, òyìnbó sì ni oníbàárà rẹ̀. Ọlọ́jà wo ni yóò sọ fún oníbàárà pé ìwọ ni mo fi ń ṣẹ̀sín? Kí amúnisìn tó kúrò nílẹ̀, irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ fún àjèjì. Nítorí náà ẹnu rẹ̀ nìkan kò tó. Iṣẹ́ rẹ̀ la gbọ́dọ̀ wò. Bí a bá sì wò ó, a ó rí i pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ló gbẹ́. Ó gbẹ́ ọba, ó gbẹ́ ìjòyè, ó gbẹ́ ará Èkó lásán, orí wọn tóbi bákan náà, ẹsẹ̀ wọn kúrú bákan náà. Akẹtẹ̀ ajẹ́lẹ̀ àti adé ọba ń ṣe iṣẹ́ kan náà: àmì ipò ni wọ́n. Bí ti òyìnbó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́, ti ọba náà gbọ́dọ̀ jẹ́ yẹ̀yẹ́, káàdì àlàyé inú ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kì í sì í sọ bẹ́ẹ̀.

Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹni kẹta ni a kò rí nínú iṣẹ́ Odulate. Òyìnbó ló rà á, òyìnbó ló gbé e lọ, òyìnbó ló ń wò ó lórí tábìlì rẹ̀. Bí ẹ̀rín bá wà níbẹ̀, ẹ̀rín òyìnbó sí ara rẹ̀ ni, irú èyí tí ènìyàn ń rín nígbà tó bá rí àwòrán ara rẹ̀ tó ya bákan. Ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kì í dun ẹnikẹ́ni, kì í sì í yí ohunkóhun padà nínú ìṣèlú. Ó lè jẹ́ ìdí nìyẹn tí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé fi fẹ́ràn láti pè é ní ẹ̀fẹ̀.

Laṣekan àti Ẹ̀fẹ̀ Tí Kò Fara Sin

Ní Èkó kan náà, Akinọla Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn West African Pilot ní ọdún 1944. Nnamdi Azikiwe ló dá ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀ ní 1937. Orúkọ tí Laṣekan ń kọ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ ni Lash. Ní tirẹ̀, kò sí iyàn jíjà lórí ohun tó ní lọ́kàn. Ìwé ìròyìn tó ń bá ìjọba jà ló ń yàwòrán fún, ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ àwòrán, ọjọ́ sì wà lórí ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹni tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pàápàá kà á, ó sì yé e. Ẹni kẹta pọ̀ rẹpẹtẹ: akọ̀wé, olùkọ́, òṣìṣẹ́ réluwéè, àti ẹni tí kò mọ̀wé tí wọ́n kà á sí létí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ńlá. Ní oṣù keje, ìjọba fi òfin de West African Pilot àti Daily Comet. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwòrán Laṣekan nìkan ló fà á. Gbogbo ohun tí ìwé ìròyìn náà ń kọ nípa ìyanṣẹ́lódì náà ni. Síbẹ̀ kí a fi èyí wé Wembley. Ìjọba kan náà tó yin ilẹ̀kùn Ògògà ló ti ìwé ìròyìn pa. Ó mọ ẹ̀fẹ̀ bí ẹ̀fẹ̀ bá bá a sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀.

Laṣekan kú ní ọdún 1972. Ìṣòro tirẹ̀ ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé yàtọ̀ sí ti igi. Bébà ìwé ìròyìn máa ń pọ́n, ó sì máa ń gé. Èyí tó tún burú ni pé bí a bá gé àwòrán kúrò lára ojú ewé rẹ̀, tí a fi férémù sí i, tí a gbé e kọ́ sára ògiri, ìròyìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ti sọnù. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí yóò rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, kò ní mọ̀ bóyá gómìnà ni tàbí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n gbé odindi ojú ewé kọ́, kí ẹni tó ń wò ó ka iye owó gaàrí àti ìròyìn kóòtù pọ̀ mọ́ àwòrán. Tejumola Olaniyan, ọ̀mọ̀wé ọmọ Yorùbá tó kú ní ọdún 2019, mọ ìṣòro yìí. Iṣẹ́ Africa Cartoons tó dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ Áfíríkà jọ pẹ̀lú àlàyé nípa wọn, ìwé tí òun àti Peter Limb jọ ṣe olóòtú rẹ̀ sì jáde ní 2018.

Ní Iwájú Kíláàsì

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò fi àwòrán ilẹ̀kùn Ògògà han akẹ́kọ̀ọ́ láti inú ìwé tàbí lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù jìn. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn á sọ orúkọ agbẹ́gilére, ọdún, àti ibi tó wà, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, kí wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ta ló ni ilé nínú àwòrán yìí, ta ni àlejò, ta ni kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Kí wọ́n bi wọ́n ohun tí ìyá àgbà ilé wọn yóò sọ bó bá rí ọkùnrin arẹ́mọ kan tí wọ́n gbé báyìí. Lẹ́yìn náà ni kí orúkọ àti ọdún wá.

Ní ọdún 1988, John Pemberton gba oríkì Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan lára àwọn ìyàwó rẹ̀, nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ti kú fún àádọ́ta ọdún. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wọn iṣẹ́ rẹ̀ kí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kankan tó kọ káàdì sí i. Bí British Museum bá tún fẹ́ pàtẹ ilẹ̀kùn yìí lọ́jọ́ mìíràn, ohùn irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àlejò kọ́kọ́ gbọ́ bó bá wọlé, ní Yorùbá, kó tó ka ohunkóhun. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ni ilẹ̀kùn náà wà báyìí, ẹnikẹ́ni kì í sì í gba ẹnu rẹ̀ wọlé mọ́.